Ṣé Èèyàn Lè Sọ fún Adájọ́ Pé Kó Yẹra?

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, ìyá kan nínú ìjọ dúró dè wá. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà ní kóòtù, kì í ṣe ní Èkó níbí. Ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà àti ẹni tí òun ń bá ṣẹjọ́, àna ara wọn ni wọ́n. Lọ́ọ́yà rẹ̀ ní kí àwọn kọ̀wé pé kí adájọ́ yẹra. Màmá ní òun ò ṣe. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé kò ní dà bíi pé mo pe ẹni ńlá lólè? Ẹni tí Ọlọ́run gbé sípò, ṣé èmi ni mo máa ní kó dìde?"

A ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí a bá gba títì Ọba Akínjọbí kọjá níbí ní GRA Ìkẹjà, tí a rí High Court, tí a rí àwọn lọ́ọ́yà nínú ẹ̀wù dúdú nínú oòrùn, ìbéèrè màmá ló ń sọ sí wa lọ́kàn. La bá lọ kàwé. Ohun tí a rí nìyí.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dimes. Òun àti ilé iṣẹ́ kan tó gbẹ́ odò fún ọkọ̀ ojú omi, Grand Junction Canal, ti ń bá ara wọn ṣẹjọ́ bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú Lord Cottenham, adájọ́ tó ga jù nílẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà, ó dá ilé iṣẹ́ láre. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó rí i pé Cottenham fúnra rẹ̀ ní owó nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ó ra ìpín nínú rẹ̀. Ní 1852, House of Lords fagi lé ìdájọ́ náà. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú ibẹ̀ ni pé wọn ò sọ pé Cottenham gba rìbá. Kódà wọ́n sọ pé kò sẹ́ni tó lè rò pé owó yẹn yí i lọ́kàn padà. Ó tiẹ̀ ti kú kí ìdájọ́ náà tó jáde. Síbẹ̀ wọ́n ní ẹni tí ọ̀ràn kàn kò gbọdọ̀ jókòó dá a. Ó parí.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, 1861, òyìnbó gba Èkó. Nígbà tí wọ́n dá Supreme Court sílẹ̀ fún wa ní 1876, irú òfin bẹ́ẹ̀ ló wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ṣebí àwọn bàbá wa náà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ta ni wàá fẹjọ́ adájọ́ sùn. Láyé amúnisìn, gómìnà ni, tàbí London. Adájọ́ tí ìjọba ò bá fẹ́ mọ́, ilé ló ń lọ.

Ẹ má rò pé òmìnira tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní 1975, nígbà tí Murtala Muhammed gbàjọba, wọ́n yọ Taslim Elias, ọmọ Èkó wa, kúrò nípò adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ kankan. Ayé mọ iyì rẹ̀ ṣáá, nítorí ó dé kóòtù àgbáyé ní The Hague, ó sì di ààrẹ ibẹ̀. Nítorí irú nǹkan báyìí ni òfin 1999 fi gbé ẹ̀sùn adájọ́ lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan, NJC, kí ṣọ́jà tàbí gómìnà má baà máa fi pàṣán lé adájọ́ kiri.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó jókòó síbẹ̀. Adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè ni alága. Òun náà ló ń yan adájọ́ márùn-ún tó ti fẹ̀yìn tì àti adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ márùn-ún. Àwọn lọ́ọ́yà márùn-ún wà níbẹ̀. Nínú èèyàn bíi mẹ́tàlélógún, àwọn tí kì í ṣe lọ́ọ́yà, méjì péré ni. Tí ẹ̀sùn bá wá kan alága ńkọ́?

Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní 2011. Àwa tí a wà nílẹ̀ Yorùbá nígbà yẹn ò lè gbàgbé. Ayọ̀ Salami, ọmọ Kwara, ni ààrẹ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kóòtù rẹ̀ ló dá Fáyẹmí láre ní Èkìtì àti Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun ní ìparí 2010. PDP figbe ta, wọ́n ní àwọn adájọ́ náà ń bá àwọn ará ACN sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó pàdánù lè béèrè irú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù ló lé Salami lọ. Òun náà ti búra sínú ìwé pé adájọ́ àgbà, Katsina-Alu, bá òun sọ̀rọ̀ pé kí òun dá sí ẹjọ́ gómìnà Sokoto. Katsina-Alu ní irọ́ ni. NJC ní Salami ló parọ́, kó tọrọ àforíjì láàárín ọjọ́ méje. Ó kọ̀, ó gba kóòtù lọ. Ní August 18, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé, Ààrẹ Jonathan sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, ká tiẹ̀ ní alága jáde kúrò nínú yàrá, àwọn tó kù síbẹ̀, ta ló yan ọ̀pọ̀ nínú wọn? Àfi bí ìgbà tí àgbàdo bá gbé ẹjọ́ adìẹ lọ síwájú àkùkọ. Ní May 2012, lẹ́yìn tí Katsina-Alu ti fẹ̀yìn tì, NJC kan náà ní kí Salami padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kóòtù. Ó fẹ̀yìn tì ní October 2013, kò padà dé àga yẹn.

Wàyí o, 2019. Àtíkù àti PDP ń pe ẹjọ́ ìbò Ààrẹ. Zainab Bulkachuwa ló ṣáájú àwọn adájọ́ náà, ọkọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sẹ́nétọ̀ lábẹ́ APC, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. PDP ní kó yẹra. Ní May 22, àwọn adájọ́ jókòó, wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ní òun ń lọ nítorí ìdí ara òun. Mohammed Garba ló bọ́ síbẹ̀, Àtíkù sì pàdánù náà ní September. Ṣé ẹ rí i? Ayé ò bàjẹ́. Ẹjọ́ ń bá a lọ, wọn ò bọ́ adé lórí ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ní June 2023, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń dágbére, ọkọ yẹn dìde, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ti wọ inú òmìnira rẹ̀ nígbà tó wà nípò, pé obìnrin náà sì ran àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lọ́wọ́. Ahmad Lawan yára dá a dúró. Ìyàwó ní kò sóhun tó jọ ọ́, òun ò dá sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ náà ní wọn ò jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀, pé wọ́n ṣi òun gbọ́. ICPC ránṣẹ́ pè é, ó gba kóòtù lọ láti dá wọn dúró, kóòtù ò gbè é. A ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí o. Ohun tí a mọ̀ ni pé obìnrin tó yẹra ní 2019 rí ibi kan sá sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn: kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló dá ẹjọ́ Àtíkù.

Ní Ìkẹjà wa níbí náà, ní 2016, EFCC gbé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan àti lọ́ọ́yà ńlá kan wá sí High Court, lórí owó tí wọ́n ní ó ti ọwọ́ lọ́ọ́yà bọ́ sọ́wọ́ adájọ́. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò jẹ̀bi. Ní April 2019, wọ́n fa ẹ̀sùn adájọ́ náà ya, torí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ní December 2017 pé NJC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan náà ṣáá ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Nítorí náà ni a ṣe ránṣẹ́ pe màmá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A sọ ọ̀rọ̀ Cottenham fún un, pé wọn ò pè é lólè. Lọ́ọ́yà rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé adájọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dáhùn ẹ̀bẹ̀ náà. Tó bá kọ̀, wọ́n lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. NJC sì wà lọ́tọ̀, ìwé ẹ̀sùn àti ìbúra ló ń gbà, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Màmá béèrè pé bí adájọ́ bá bínú ńkọ́? Lọ́ọ́yà ní ó lè bínú lóòótọ́. Kò parọ́ fún un, a sì fẹ́ràn ìyẹn.

Ó ní ká gbàdúrà, a gbà á. Nígbà tí a ṣe àmín tán, ó ṣí gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n tún ìwé náà kà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bírò.