Láti Orí Ìdána dé Orí Ìtọ́jú: Ìmúrasílẹ̀ fún Ẹjọ́ Ọmọ ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí tọkọtaya bá túká ní Ìrẹmọ, ọ̀rọ̀ tó máa ń gbẹ̀yìn ìjà ni ti ẹni tí ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun. Ohun tó yí padà ni irú ẹ̀rí tí àwọn adájọ́ ń béèrè, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì tíì fi ọkàn sí àyípadà náà. Ẹjọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù òde òní.

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ọ̀dọ̀ baálé agbo ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ Ọbalúfẹ̀, tó jẹ́ olórí Ìrẹmọ, kí ó tó di ti ààfin Ọọ̀ni. Níwájú gbogbo wọn, kò sí iyàn lórí ẹni tó ni ọmọ: láti ìdílé baba ni orúkọ, oríkì, èèwọ̀ àti ilẹ̀ ti ń tọ ọmọ wá. Síbẹ̀, ọmọ tó ṣì ń mu ọmú a máa bá ìyá rẹ̀ lọ, ó di ìgbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú kí àwọn ènìyàn baba tó wá gbà á. Èyí fi hàn pé ìyàtọ̀ láàrin níní ọmọ àti títọ́ ọmọ wà nínú àṣà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pe ìyàtọ̀ náà ní òfin òyìnbó kò wo ẹ̀yìn dáadáa.

Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀, pàápàá lábẹ́ òfin 1914, ló sọ owó di ọ̀pá ìdiwọ̀n. Obìnrin tó fẹ́ kọ ọkọ yóò dá owó ìdána padà, lọ́pọ̀ ìgbà láti àpò ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni gbólóhùn ‘já ìwé fún ọkọ’ gbòde. Ọ̀rọ̀ tó ní ìwé nínú kò kúkú lè dàgbà ju ìwé lọ. Nítorí pé òfin kò gba lọ́yà láàyè nínú kọ́ọ̀tù wọ̀nyí, ìdílé ló ń múra ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Wọn a wá alárinà kàn, wọn a pe ẹni tó gbé ẹrù ìdána, wọn a ka iye owó àti iye iṣu lójú àwọn àgbà. Ta ló ń wẹ ọmọ, ta ló ń jí i lọ sí ilé-ìwé? Ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ń kó jọ. Ní àwọn apá ibìkan, ọkọ àtijọ́ tilẹ̀ lè gba ọmọ tí ọkùnrin mìíràn bí, bí wọn kò bá tíì dá owó rẹ̀ padà. Ẹjọ́ kan láti Kàlàbá ni ilé-ẹjọ́ fi kọ irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní 1932, pé kò bá ìdájọ́ òdodo mu.

Òfin Kọ́ọ̀tù Ìbílẹ̀ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ṣe ní 1957, tó sì wà nínú àkójọ òfin 1959, ló yí ìbéèrè náà padà pátápátá. Ó ní nínú ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ, àlàáfíà ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ rò, kí ó sì gbé e ga ju ohun gbogbo lọ. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe àjèjì nìkan ló wà nídìí òfin yìí: Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó ti gorí ìtẹ́ láti 1930, ni Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́balọ́ba Ẹkùn náà lásìkò yẹn. Ní 1989, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi òǹtẹ̀ lù ú: ó gbà pé àṣà fún baba ní ẹ̀tọ́ sí ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò gbọdọ̀ ṣẹ bí yóò bá pa ọmọ lára.

Nítorí náà, ìdílé tó bá kó ẹlẹ́rìí ìdána mẹ́rin wá ti dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Rìsíìtì owó ilé-ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ti ará ilé tó mọ ibi tí ọmọ ń sùn ló wúlò. Bí ó bá jẹ́ ìyá baba ni yóò tọ́ ọmọ, kí ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀ wá sọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Ìyá tó ń ná ọjà oko náà ní láti sọ ẹni tó ń dúró ti ọmọ lọ́jọ́ ọjà. Ohun mìíràn tún wà: ẹni tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní rẹ́jísírì, kò ní ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ bó ti wù kí ìdána rẹ̀ tóbi tó. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni tirẹ̀, lábẹ́ òfin 1970, àlàáfíà ọmọ ló sì ṣíwájú níbẹ̀ náà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sọ di tirẹ̀ lẹ́yìn náà, tún fi ẹnìkan kún àwọn tó ń sọ̀rọ̀: ọmọ fúnra rẹ̀. Kọ́ọ̀tù ẹbí gbọ́dọ̀ fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀, kò sì gba oníròyìn tàbí èrò òǹwòran wọlé. Ibí ni ìmúrasílẹ̀ ti le jù. Òbí a máa kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò wí, bí wọ́n ti ń kọ́ ẹlẹ́rìí ìdána láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ìdána ń padà sí ilé tirẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́. Ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gbọ́ ohun tó sọ.