Kọ̀ǹpútà àti ọmọ tí ìwé kíkà ń yọ lẹ́nu

Ní ọdún 1896, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí orí rẹ̀ pé, tí ìṣirò kì í ni lára, àmọ́ tí kò lè kàwé. Orúkọ ara rẹ̀ pàápàá, Percy, ó kọ ọ́ sí Precy. Olódo tàbí ọ̀lẹ ni ayé sábà máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ rí ni pé kí a máa kọ́ wọn ní lẹ́tà àti ìró rẹ̀ léraléra, tìfẹ́ tìsùúrù. Sùúrù yìí gan-an ló wọ́n. Ta ló fẹ́ jókòó ti ọmọ 40 lẹ́ẹ̀kan náà?

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wọlé. Ní 1966, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Brentwood ní East Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, Patrick Suppes àti Richard Atkinson láti Yunifásítì Stanford gbé ẹ̀rọ IBM 1500 síwájú àwọn ọmọ. Suppes mú ìṣirò, Atkinson mú ìwé kíkà. Ọmọ á gbọ́ ọ̀rọ̀ létí, á fi gègé oníná tọ́ka sí i lójú ẹ̀rọ. Tó bá gbà á, ó di iwájú. Tó bá ṣì í, ẹ̀rọ á tún un kọ́ ọ. Ẹnì kan kì í dúró de ẹnì kejì. Àmọ́ owó ńlá ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ.

Kọ̀ǹpútà kéékèèké gbòde ní àwọn ọdún 1980. Ní Boulder, Colorado, Richard Olson àti Barbara Wise ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí ọmọ fi ń ka ìtàn. Ọ̀rọ̀ tó bá dí i lọ́nà, yóò tọ́ka sí i, ẹ̀rọ á sì pè é fún un.

Ètò orí kọ̀ǹpútà tó pariwo jù ni Fast ForWord. Ní 1996, àwọn onímọ̀ tó wà nídìí rẹ̀, Paula Tallal àti Michael Merzenich, sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọ kan kì í tètè gbá ìró tó ń sáré mú, bí ìyàtọ̀ "ba" sí "da". Wọ́n fa ìró náà gùn, wọ́n sì gbé e sókè, kí ọmọ lè máa fi ṣeré lórí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ilé ẹ̀kọ́ rà á wìtìwìtì ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tó yẹ àwọn ìwádìí tó ṣe é gbára lé wò kò rí ẹ̀rí pé ó mú ìwé kíkà dára sí i. Ọjà ti sáré kọjá ẹ̀rí.

Àwọn ará Finland kò kánjú. Láti 1993, Yunifásítì Jyväskylä ń tọpa àwọn ọmọ tí ìṣòro ìwé kíkà wà nínú ìdílé wọn, láti ìkókó. Heikki Lyytinen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe eré GraphoGame: ọmọ gbọ́ ìró, lẹ́tà ń já bọ̀ láti òkè, ó ní láti mú èyí tó bá ìró náà mu kó tó balẹ̀. Ó rọrùn fún èdè wọn, nítorí bí wọ́n ṣe ń pè é ni wọ́n ń kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ní láti ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n lò ó ní Zambia náà, ní èdè ciNyanja.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí lórí GraphoGame jọ. Lápapọ̀, èrè rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkà kò tó nǹkan. Ibi tí àgbàlagbà ti bá ọmọ dá sí eré náà dáadáa ni èrè ti hàn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, ẹ wá àyè jókòó tì í.