Ta Ni Ó Gba Adé Lórí Wamba? Àyẹ̀wò Ẹ̀rí Lórí Ìṣubú Ọba Visigoth Kan

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìjọba Wamba, ọba àwọn Visigoth ní ilẹ̀ Spéìn láti ọdún 672 sí 680, àti bí adé ṣe bọ́ lórí rẹ̀ láàárín òru kan. Àwọn òpìtàn kan a máa sọ ọ́ bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn pé Erwig, tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ni ó fún un ní májèlé mu. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta ni ó jẹ́rìí sí i, nígbà wo ni ó sì jẹ́ ẹ? Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nítorí pé àwa tí a ń kọ́ni, tí a sì ń yẹ ìwé ìdánwò wò, ni a ń fi máàkì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun kan jẹ́ òótọ́.

Bí Wamba ṣe gorí ìtẹ́

Nípa òfin, oyè ọba Visigoth kì í ṣe oyè àjogúnbá. Àwọn ìjòyè àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń yan ọba. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, 672, tí Ọba Reccesuinth wàjà, ni wọ́n yan Wamba. Julian ará Toledo, tí ó kọ ìtàn ogun ọba yìí, sọ pé Wamba kọ̀, ó ní òun ti dàgbà jù. Àfi ìgbà tí ìjòyè kan fa idà yọ, tí ó ní bí kò bá gbà kò ní kúrò níbẹ̀ láàyè. Wamba gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má ta òróró sí òun lórí títí òun yóò fi dé Toledo, olú-ìlú wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n fi òróró yàn án. Láàárín àwọn ọba Visigoth, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ tí ó dájú pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ọ̀tẹ̀ Paulus

Ní 673, àwọn ará Septimania, ní gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, dìtẹ̀. Wamba rán balógun kan tí ń jẹ́ Paulus láti lọ pa ọ̀tẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Paulus fúnra rẹ̀ jọba ní Narbonne, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọba tí a fi òróró yàn. Wamba, tí ó wà lójú ogun pẹ̀lú àwọn Basque, yí padà, ó gba Barcelona àti Narbonne, ó sì ká Paulus mọ́ inú pápá ìṣeré àtijọ́ ti àwọn ará Róòmù ní Nîmes. Níbẹ̀ ni Paulus ti túúbá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Wamba kò pa á. Wọ́n fá orí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n gbé wọn gun ràkúnmí wọ Toledo, wọ́n sì fi awọ dúdú ṣe adé fún Paulus.

Kí a ṣàkíyèsí ìdí tí wọ́n fi fá orí wọn. Irun gígùn jẹ́ àmì ọlá láàárín àwọn Visigoth. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó wáyé ní Toledo ní 638 sì ti pàṣẹ pé ẹni tí a bá ti fá lórí, ìbáà ṣe fún ìjìyà tàbí fún ìsìn, kò gbọdọ̀ jọba.

Lẹ́yìn ogun, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 673, Wamba ṣe òfin pé bí ọ̀tá bá kọlu ibì kan, gbogbo ẹni tí ó wà láàárín ọgọ́rùn-ún máìlì síbẹ̀, títí kan àwọn àlùfáà, gbọ́dọ̀ jáde ogun. Lára ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá kọ̀ ni pé kò ní lè jẹ́rìí mọ́ níwájú adájọ́. Òfin yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú.

Ọjọ́ tí adé bọ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 680, àìsàn gbé Wamba dè lójijì. Àwọn tí ó yí i ká rò pé ó ń kú lọ, wọ́n ṣe ètò ìrònúpìwàdà ìkẹyìn fún un, wọ́n fá a lórí, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ mọ́ǹkì. Ṣùgbọ́n Wamba kò kú. Nípa òfin 638, kò lè padà sórí ìtẹ́. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: orí fífá tí ó fi mú Paulus náà ni ó mú òun. Ilé àwọn mọ́ǹkì ni ó ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n ti fi òróró yan Erwig.

Àyẹ̀wò ẹ̀rí

Ìran ẹ̀rí méjì ni ó wà. Èkíní ni àkọsílẹ̀ àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Toledo ní oṣù kìíní, 681. Wọ́n ní àwọn rí ìwé tí Wamba fọwọ́ sí, pé kí Erwig jọba lẹ́yìn òun. Kò sí ọ̀rọ̀ májèlé níbẹ̀. Èkejì ni ìwé ìtàn tí a kọ lórúkọ Ọba Alfonso Kẹta ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé Erwig fún ọba ní àgbo kan mu tí iyè rẹ̀ fi ra. Ẹ̀rí yìí fi nǹkan bí igba ọdún pẹ́ ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ṣé kí a wá gba ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbọ́ pátápátá? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí ó kọ ẹ̀rí àkọ́kọ́ jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Julian, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù Toledo ní ọdún 680 kan náà, ni ó ṣe olórí àpérò náà. Àpérò yìí dá àwọn ipò bíṣọ́ọ̀bù tuntun tí Wamba dá sílẹ̀ lẹ́bi, ó sì fún bíṣọ́ọ̀bù Toledo ní àṣẹ lórí yíyan bíṣọ́ọ̀bù káàkiri ìjọba náà. Erwig ní tirẹ̀ dẹ òfin ogun Wamba lójú, ó dá ẹ̀tọ́ ìjẹ́rìí padà fún àwọn ènìyàn. Ní 683, wọ́n dárí ji àwọn ọmọlẹ́yìn Paulus.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á fi ojú inú wò. Àpérò 681 náà ṣe òfin pé ẹni tí a bá ṣe ètò ìrònúpìwàdà fún nígbà tí kò mọ ara rẹ̀, kò lè kọ̀ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Lójú tiwa, ó ṣòro kí a tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ń bèèrè bóyá ohun tí wọ́n ṣe fún Wamba tọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé àìsàn gbé Wamba dè, pé wọ́n fá a lórí, àti pé àwọn tí ó gba ipò rẹ̀ kò jẹ́ kí ó padà. Ti májèlé jẹ́ ẹ̀sùn tí a kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ pé Erwig fún ọba ní májèlé, tí kò sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kò yẹ kí ó gba gbogbo máàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá kọ pé Wamba fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbé adé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ẹni tí ó jẹ́rìí, ìgbà tí ó jẹ́ ẹ, àti èrè tí ó wà níbẹ̀ fún un, ni ó mọ ìtàn.