Ìtàn Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Láàárín

Ẹni tí yóò bá pìtàn Ìlá Ọ̀ràngún dójú àmì kì í ti orí ilẹ̀ tí ààfin dúró sí lónìí bẹ̀rẹ̀. Ìlá-Yàrà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ará Ìlá àti ará Òkè-Ìlá ti jọ gbé kí ọ̀nà wọn tó yà. Irú ìṣọ́ra yìí ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn oníkẹ́mísírì tí ń wí pé ọdún 1978 ni Robert Parr àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tíọ́rì density functional sọ ohun tí electronegativity jẹ́, ìyẹn agbára tí átọ́ọ̀mù fi ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra; pé òdo pípé, níbi tí ooru ti tán pátápátá, ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀; àti pé àwọn ará ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ooru kún un.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Láti 1934 ni Mulliken ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní 1961, Iczkowski àti Margrave ní kí a wo bí agbára átọ́ọ̀mù ti ń yí padà bí iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ń yí padà. Hohenberg àti Kohn gbé tíọ́rì density functional náà jáde ní 1964. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀ ni Mermin mú un dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ooru ń bẹ lára rẹ̀. Ní 1968, Gyftopoulos àti Hatsopoulos ti ipa ooru fi ìdí electronegativity múlẹ̀, ọdún mẹ́wàá gbáko kí Parr tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí ìgbàgbé yìí bàjẹ́ kì í ṣe kékeré. Perdew, Parr, Levy àti Balduz fi hàn ní 1982 pé, ní òdo pípé, ìlà tí agbára ń tọ̀ gún régé láti iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù odindi kan dé èkejì, ó sì ṣẹ́ ní ojú odindi kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ìdàgẹ̀rẹ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì, líle (hardness) tí Parr àti Pearson ṣàlàyé ní 1983, ìyẹn bí ìdàgẹ̀rẹ́ náà ti ń yí padà, kò sì rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti wà, bó ti wù kó kéré tó, ìdàgẹ̀rẹ́ a di ẹyọ kan ṣoṣo, a sì bọ́ sí àárín gbùngbùn ìdàgẹ̀rẹ́ méjèèjì, níbi tí òṣùwọ̀n Mulliken ti wà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ooru yí padà nínú iye tí à ń rí? Díẹ̀ kíún ni: ní 25°C, agbára ooru kò ju nǹkan bí 0.026 eV lọ, bẹ́ẹ̀ àlàfo agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú mólékù tí àwọn onímọ̀ wa ń ṣírò nígbà tí wọ́n ń wá oje ewé tí yóò gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà a máa tó eV mélòó kan. Ṣùgbọ́n ohun tí iye náà jẹ́ gan-an ni ooru fún ní ìpìlẹ̀.

Ọ̀mọ̀ràn tí í mọ oyún ìgbín ni Parr, òun ló sì so àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí mọ́ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn ní Ìlá tàbí ní Ifẹ̀ ní láti fi ooru ṣáájú, kí ó sì ka òdo pípé sí ibi tí ooru ń rọlẹ̀ sí nígbà tó bá ń tán lọ.