NIIA: Ilé Tí Nàìjíríà Fi Ń Wo Ayé

Ní oṣù kìíní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa fún aṣojú ilẹ̀ Faransé ní wákàtí 48 péré pé kó kẹ́rù rẹ̀ kó kúrò ní Èkó. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tí Faransé ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà ló fà á. Nàìjíríà kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ti wà ní Kóńgò. Nílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ti fárígá lórí àdéhùn ààbò tí ìjọba bá Bìrìtìkó ṣe.

Ọ̀rọ̀ ayé ti dé bá wa lójijì, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọdún 1961 náà ni wọ́n dá Ilé Ìwádìí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ti Nàìjíríà, NIIA, sílẹ̀. Kì í ṣe ti ìjọba níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Irú ilé ìwádìí Chatham House ti Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ni Ọ̀mọ̀wé Lawrence Fabunmi, tí ìwé rẹ̀ dá lórí bí Bìrìtìkó àti Íjíbítì ṣe ń du Sudan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ti fara balẹ̀ wo bí àwọn alágbára ṣe ń fi ilẹ̀ adúláwọ̀ dunàádúrà ni ipò náà yẹ lóòótọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, òfin ológun Nọ́ńbà 35 sọ NIIA di ti ìjọba àpapọ̀. Owó ìjọba wọlé, ìbéèrè ńlá sì bá a wọlé: ṣé ẹni tí ìjọba ń sanwó oṣù fún lè wí fún ìjọba pé ọ̀nà tó ń tọ̀ kò dára?

Bolaji Akinyemi, ọmọ Iléṣà, ṣe gudugudu méje níbẹ̀. Ẹni ọdún 33 ni nígbà tó di ọ̀gá àgbà ní 1975, ọdún tí Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, kọ̀yìn sí Amẹ́ríkà, tó sì gbà pé ẹgbẹ́ MPLA ni ìjọba Àǹgólà. Ọdún mẹ́jọ ló lò. Nígbà tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún 1985, ó gbé ìmọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́: ètò ìrànlọ́wọ́ TAC (Technical Aid Corps) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ Nàìjíríà lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Kàríbíà.

Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, gbapò lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà di mínísítà. Joy Ogwu, obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ilé náà, ṣojú wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 2008 sí 2017, ó sì jókòó sórí àga alága Ìgbìmọ̀ Ààbò.

Síbẹ̀, ohun tó yẹ ká máa fi NIIA yangàn jù wà nínú ilé ìkàwé rẹ̀ ní òpópónà Kofo Abayomi, Victoria Island. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ìròyìn inú ìwé ìròyìn, tí wọ́n ń tò ó sínú fáìlì ní orí-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí kò lókìkí ni, ṣùgbọ́n òun ni olùwádìí ń gbára lé.

A ṣì nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ààlà àwa àti Niger nìkan lé ní 1,500 kìlómítà. Ìwádìí lórí èyí kò lè dúró de ìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù. Ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná, kó sì jẹ́ kí àwọn olùwádìí sọ ohun tí ojú wọn rí.