Ẹ̀fọ́ Òkun Tí Wọ́n Ń Fi Ẹ̀mí Já

Ní ìgbà ooru, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, ẹ ó máa rí ẹ̀fọ́ kan lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹja nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó rí bí ọ̀pá róbótó kéékèèké, ó sì níyọ̀ lára. Samphire ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí, èyí tó sì kọ́kọ́ ní in kọ́ ni èyí tí à ń rà lónìí.

Ti ìṣáájú, ìbátan kárọ́ọ̀tì, ara àpáta tó dojú kọ òkun ló ti ń hù, bíi ti Dover àti erékùṣù Wight. John Gerard yìn ín nínú ìwé ewé rẹ̀ ní 1597. Ta wá ni yóò já a? Àwọn tálákà ni. Wọ́n á so okùn mọ́dìí bí ẹni tó fẹ́ fi igbà gun ọ̀pẹ, àfi pé ìsàlẹ̀ ni tiwọn ń lọ, òkun sì ń bẹ lábẹ́ wọn. Shakespeare mẹ́nu kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú eré King Lear, ní nǹkan bí 1606. Ní 1664, Robert Turner kọ ọ́ pé ẹ̀mí ni àwọn mìíràn ń fi san owó ẹ̀fọ́ náà ní Wight.

Kí ó má bàa bàjẹ́, ọtí kíkan ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. John Evelyn ṣàlàyé ọ̀nà àwọn ará Dover ní 1699: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ọtí kíkan, ẹ lẹ ọmọrí pa kí ooru má jáde, ẹ gbé e kaná fún ààbọ̀ wákàtí péré. Bó bá tutù, ó di inú àgbá kékeré.

Èkejì, ti inú ẹrẹ̀ etí òkun bíi ti Norfolk, ẹbí tẹ̀tẹ̀ wa ni! Bí àwọn ìyá wa ti ń sun èèpo kòkó kí wọ́n lè rí eérú ṣe ọṣẹ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù ń sun irú ewéko yìí, tí wọ́n ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ àti gíláàsì. Nígbà tí Nicolas Leblanc rí ọ̀nà àtifi iyọ̀ ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní 1791, òwò eérú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Jíjẹ ló kù. Ní Norfolk, wọ́n a rọ ọ́ sínú ìgò pẹ̀lú ọtí kíkan, wọ́n a gbé e sínú ààrò oníbúrẹ́dì tó ń tutù lọ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó di Ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi bọ́tà sí i. Ẹ má fi iyọ̀ sí i o! Máàgì náà, ẹ jẹ́ kó sinmi. Èyí tó bá ti gbó ní egungun nínú. Ẹ di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fi eyín fa ẹran ara rẹ̀ jẹ. Ẹ fi aṣọ tútù wé èyí tó bá kù sínú fíríìjì fún ọjọ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ já a fúnra yín, orí rẹ̀ ni kí ẹ gé. Òfin 1981 kò gbà kí a fa ewéko tu tigbòǹgbò láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí omi òkun máa ń kún, nítorí kíá ló ń bo ẹrẹ̀ náà.