Lùkúlùkú ọdún 1918: bí ọ̀fìnkìn ṣe gba oko iṣu fún ẹ̀gẹ́



Tí adìyẹ bá ń tòògbé, tó ń ṣu ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, ohun tí ẹ máa ń sọ fún wa ni pé "lùkúlùkú ti dé." Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé àwọn baba wa ti fi orúkọ yìí pe àìsàn èèyàn rí. Àìsàn ọ̀hún ni ọ̀fìnkìn burúkú ọdún 1918, tí àwọn dókítà ń pè ní influenza.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ogun Àgbáyé Kìíní ti ń parí lọ nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun gbé e dé Freetown. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ Bida tó ń ti Gold Coast bọ̀ ti gbé e wọ Èkó. Wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ sì sá gba oko àti ìlú wọn lọ. Wọn ò mọ̀ pé àìsàn náà ń bá àwọn lọ. Ọkọ̀ ojú irin gbé e gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, títí dé Òkè Ọya. Ọ̀nà tí kòkó àti ẹ̀pà ń gbà dé èbúté, òun náà ni àìsàn gbà wọ ìgbèríko.

Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18.

Ibi tó ti kan oko nìyí. Ọ̀fìnkìn ọdọọdún, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ló máa ń dà láàmú jù. Ti 1918 ò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ẹni ọdún 20 sí 40 ló ń kó lọ bẹẹrẹ, àwọn tó ń kọ ebè gan-an. Àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu ló sì wọlé.

Òpìtàn Don Ohadike ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, lágbègbè Àsàbà. Iṣu ni ọba oúnjẹ níbẹ̀, wọn ò ka ẹ̀gẹ́ sí nǹkan kan. Àmọ́ iṣu ń fẹ́ èèbù, ó ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Ẹni tí ebi mú jẹ èèbù rẹ̀ tán, kí ló fẹ́ gbìn? Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀, ẹ gé igi rẹ̀, ẹ tì í bọlẹ̀, ó parí. Tí ẹ ò bá ráyè wà á lásìkò, á dúró dè yín nínú ilẹ̀. Ohadike ní àìsàn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ gbilẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, gààrí ti wà ṣáájú.

Ní 2020, òdìkejì rẹ̀ la rí. Kòrónà dé, wọ́n ti ibodè, a lo ìbòmú, influenza sì lọ sílẹ̀ káàkiri àgbáyé. Irú rẹ̀ kan, B/Yamagata, ò tíì hàn nínú àyẹ̀wò tó dájú láti oṣù kẹta ọdún yẹn. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, àwọn irú tó kù padà wá. Àìsàn ò lẹ́sẹ̀, àwa la ń gbé e rìn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́:

1. Lùkúlùkú adìyẹ kì í ṣe influenza, ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tirẹ̀. Ẹ fún wọn lásìkò.

2. Influenza ẹyẹ náà wà. Kàdúná ni irú rẹ̀ tó ń jẹ́ H5N1 ti kọ́kọ́ fara hàn nílẹ̀ Áfíríkà, ní 2006. Àgò adìyẹ, mọ́tò àti bàtà ló ń gbé e láti oko dé oko. Tí adìyẹ bá ń kú ṣáá, ẹ má gbé èyí tó kù lọ sọ́jà. Ẹ pe dókítà ẹran.

3. Ẹ má fi gbogbo ilẹ̀ gbin ohun tí ò lè dúró dè yín. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín bóyá wọ́n gbọ́ ìtàn lùkúlùkú yìí, kí ẹ sọ fún wa. Oko ò ní í sú wa o.